Mò ń lọ sí gbogbo ìsìn, síbẹ̀ ó ń rẹ̀ mí sí i: níbo ni ìsinmi wà?

Ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn lónìí wá láti ọ̀dọ̀ ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta kan ní Ìbàdàn. Ó ní: “Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, Màmá. Ẹja tútù ni mò ń tà. Láti ìgbà tí epo ti gbówó lórí, àtifi jẹnẹrétọ̀ gbé fíríìsà dúró ti di ogun. Ọjà ti wọlẹ̀, mo sì jẹ gbèsè èlé. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọkọ mi, kì í fẹ́ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Mo wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, mo wà nínú ẹgbẹ́ aláàdúrà, n kì í pa ìṣọ́ òru ọjọ́ Jímọ̀ jẹ, mo sì ti gba ààwẹ̀ léraléra lọ́dún yìí. Dípò kí n rí ìtura, ńṣe ló ń rẹ̀ mí sí i. Orí ń fọ́ mi lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, nígbà tí a ń kọrin ìyìn, omi ń dà lójú mi, n kò lè la ẹnu. Arábìnrin kan ní ọpẹ́ mi ló kéré. Ṣé Ọlọ́run ti kọ̀ mí ni? Ṣé kí n máa bá ìṣọ́ òru lọ ni, àbí kí n jókòó sílé?”

Ọmọ mi, mo fara balẹ̀ ka lẹ́tà rẹ. O kò béèrè bí o ṣe máa san gbèsè, o kò sì béèrè ibi tí ọkọ rẹ ti máa ríṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé méjèèjì ń jẹ ọ́ lọ́kàn. Ohun tó ń dùn ọ́ jù ni pé ibi tí o sá wọ̀ kí o lè fẹ̀yìn tì ti wá di ibi tó ń gba ìwọ̀nba okun tó kù lára rẹ. Kí n tètè dáhùn èyí tó ń dẹ́rù bà ọ́ jù: Ọlọ́run kò kọ̀ ọ́. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti kú sí Ọlọ́run kì í sunkún nítorí pé kò lè kọrin sí I.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì ti pẹ́ láàárín àwọn tó ń bẹ aláìsàn àti oníṣòro wò nínú ìjọ wa. Láti ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, irú ọ̀rọ̀ tí o kọ yìí ni mò ń gbọ́ jù. Lítà epo kan tó wà ní nǹkan bí 190 náírà kọjá 480 láàárín ọjọ́ díẹ̀, kò sì dúró síbẹ̀. Àwọn tó ń fi iná tọ́jú ọjà bíi tìrẹ wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fara gbá a. Mo sọ èyí kí o lè mọ̀ pé ìṣòro tó bá ọ ní orísun tí gbogbo ìlú mọ̀. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ ìkọ̀kọ̀ kan nílé rẹ tó gbé owó epo sókè.

Wò ó, ohun mẹ́ta ló ti wé mọ́ra wọn lọ́wọ́ rẹ, bí a kò bá sì tú wọn, ìsinmi kò ní rí ọ̀nà wọlé. Ìjọsìn wà: kí ènìyàn wá síwájú Ọlọ́run bó ṣe wà gan-an, kó gbà pé Ọlọ́run ni Ọlọ́run, ẹ̀dá sì ni òun. Iṣẹ́ ìjọ wà: ìfidánrawò akọrin, ìpàdé ẹgbẹ́, aṣọ ẹgbẹ́ tí a gbọ́dọ̀ rà, ilẹ̀ gbígbá, oúnjẹ àlejò. Iṣẹ́ rere ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ṣì ni, ó máa ń rẹni bí iṣẹ́ yòókù ṣe ń rẹni. Ẹ̀kẹta ni ìdúnàádúrà: kí ènìyàn máa ka ìṣọ́ òru àti ààwẹ̀ rẹ̀ bí ẹni ń dá àjọ, tó ń retí ọjọ́ tí alájọ máa kó tirẹ̀ fún un. Ọjọ́ pé, owó kò wọlé, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara rẹ̀ bóyá iye tí òun dá ni kò tó, àbí alájọ ti sá lọ. Inú ìṣirò yẹn ni ìbéèrè rẹ ti wá. N kò dá ọ lẹ́bi, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa nìyẹn: bí o bá ṣe gbàdúrà tó ni o ṣe máa rí gbà tó. Àmọ́ ẹni tó ń dúnàádúrà kò lè sinmi láé, torí kò sí ìgbà tó máa mọ̀ pé ohun tí òun san ti tó.

Ọ̀rọ̀ arábìnrin tó ní ọpẹ́ rẹ ló kéré dùn mí. Ó ti wọ́pọ̀ láàárín wa pé bí ẹnì kan bá ń sunkún, àfi ká yára fi orin ìyìn bò ó mọ́lẹ̀. Ṣí ìwé Sáàmù. Nínú 150 tó wà níbẹ̀, ẹkún àti àròyé kún inú wọn. Ẹni tó kọ Sáàmù 13 bi Ọlọ́run lẹ́ẹ̀mẹrin pé yóò ti pẹ́ tó, kó tó dé ibi tó ti lè kọrin ní ẹsẹ tó gbẹ̀yìn. Sáàmù 88 kò tilẹ̀ dé ibi orin rárá, inú òkùnkùn ló parí sí. Nínú 137, àwọn ìgbèkùn tó wà ní Bábílónì fi dùùrù wọn kọ́ sórí igi, nítorí orin tí àwọn tó kó wọn lẹ́rú ń béèrè kò lè jáde lẹ́nu wọn. Àwọn Júù kò yọ Sáàmù wọ̀nyí kúrò nínú ìsìn wọn, àwọn Kristẹni náà kò yọ wọ́n. Ẹni tó bá ní ẹkún kò bá ìjọsìn mu ní láti kọ́kọ́ fa ojú ìwé wọ̀nyẹn ya. Nítorí náà, omijé tó dà lójú rẹ láàárín akọrin, ìjọsìn ni. Òun ni ohun tó jẹ́ òótọ́ jù tí o ní lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà, o sì gbé e wá síwájú Ọlọ́run.

Ka Ìwé Àwọn Ọba Kìíní orí 19 pẹ̀lú. Èlíjà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹ́gun lórí Òkè Kámẹ́lì, obìnrin kan halẹ̀ mọ́ ọn, ó sá wọ aginjù, ó jókòó sábẹ́ igi, ó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Áńgẹ́lì tó wá bá a kò nà án lẹ́gba ọ̀rọ̀, kò ní kó gba ààwẹ̀, kò bi í pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ dà. Oúnjẹ gbígbóná àti omi ló gbé síwájú rẹ̀. Èlíjà jẹ, ó mu, ó tún sùn. Áńgẹ́lì náà padà wá lẹ́ẹ̀kejì, ó tún ní kó dìde kó jẹun, nítorí ọ̀nà tó fẹ́ rìn jìn jù fún un. Lẹ́yìn gbogbo èyí ló tó lè rìn dé Hórébù, ibẹ̀ ló sì ti gbọ́ ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Mo máa ń rọ àwọn tó ti rẹ̀ pé kí wọ́n má fo apá ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn náà. Ohùn Hórébù ni gbogbo wa ń fẹ́, a kì í sì í fẹ́ gba oorun àti oúnjẹ tó ṣáájú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ Ọlọ́run kan náà ni gbogbo rẹ̀ ti wá.

Níbi ọ̀rọ̀ oorun yìí, iṣẹ́ tí mo kọ́ kò jẹ́ kí n lè dákẹ́. Bí ìbẹ̀rù bá ń gbé inú ènìyàn lójoojúmọ́, ńṣe ni ara rẹ̀ máa wà ní ìmúrasílẹ̀ bí ẹni tí nǹkan ń lé: àyà á máa lù kìkì, iṣan ọrùn á le, orí á máa fọ́. Oorun ló ń jẹ́ kí ara náà rọlẹ̀, àgbàlagbà sì nílò tó wákàtí méje, ó kéré tán, lálaalẹ́. Bí o bá ṣọ́ òru títí di aago mẹ́rin ìdájí Sátidé, tí o sì gbọ́dọ̀ wà ní ìsọ̀ kí oòrùn tó yọ nítorí àwọn oníbàárà tó ń bọ̀ wá ra ọjà ọ̀sẹ̀, o ti gbé àárẹ̀ ọjọ́ méjì wọ ìsìn ọjọ́ Ìsinmi kí o tó la ẹnu kọrin. Ẹni tí kò sùn, ìṣòro kékeré á di òkè lójú rẹ̀. Á tètè bínú sí àwọn ọmọ, á tètè sunkún, ọkàn rẹ̀ kò ní dúró síbi àdúrà. Fi ààwẹ̀ kún un, fi omi tí o kò mu kún un. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní ìkọlù ẹ̀mí lákòókò ààwẹ̀, ebi, òùngbẹ àti àìsùn ni mo bá nídìí rẹ̀ nígbà tí mo jókòó ti ẹni náà. N kò sọ pé kò sí ogun ẹ̀mí. Ohun tí mò ń sọ ni pé ká kọ́kọ́ tọ́jú ara, kí a tó lè mọ èyí tó kù.

Kí wá ni ìjọsìn ń ṣe gan-an tó fi lè fún ọkàn ní ìsinmi? Òfin ọjọ́ ìsinmi wà níbi méjì nínú Ìwé Mímọ́. Nínú Ẹ́kísódù 20, ìdí tí a fi fún wọn ni pé Ọlọ́run fi ọjọ́ mẹ́fà dá ayé, ó sì sinmi ní ìkeje. Nínú Diutarónómì 5, ìdí mìíràn ló fún wọn: kí wọ́n rántí pé ẹrú ni wọ́n nílẹ̀ Íjíbítì. Fáráò kò mọ ọjọ́ ìsinmi. Iye bíríkì ojúmọ́ ló ń kà, ó sì ní kí wọ́n lọ wá koríko fúnra wọn láìdín iye náà kù. Ọlọ́run mú wọn kúrò lábẹ́ ẹni tó ń ka bíríkì, ó wá fún wọn ní ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò ní ka ohunkóhun lọ́wọ́ wọn, títí kan ẹrúkùnrin àti ẹrúbìnrin, títí kan màlúù àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Nígbà tí Jésù ní kí àwọn tí ẹrù wúwo lé lórí wá, fífún ló ní òun máa fún wọn ní ìsinmi, kò dá iye ìpàdé tí wọ́n gbọ́dọ̀ wá kí wọ́n tó rí i gbà. Bí ilé ìsìn bá wá di ibi tí wọ́n ti ń ka bíríkì lọ́wọ́ rẹ, o ti padà sí Íjíbítì, pẹ̀lú Bíbélì lápá.

Ìsinmi tí mo ti rí nínú ìjọsìn, nínú ayé èmi fúnra mi àti ti àwọn mìíràn, ọ̀nà rẹ̀ máa ń kéré. Orin àjùmọ̀kọ ń mú kí a fa èémí wọlé kíákíá, kí a sì tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí gbólóhùn orin fi parí, èémí tó ń pẹ́ jáde yẹn sì máa ń mú àyà tó ń lù kìkì rọlẹ̀. Àdúrà tí gbogbo ìjọ ń kà pa pọ̀ ń gbé ẹni tí ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu rẹ̀. Bí o kò bá lè kọrin, àwọn tó wà lápá ọ̀tún àti òsì rẹ ń kọ ọ́, ìwọ náà sì wà nínú orin náà. Aládùúgbò mi kan tó jẹ́ Mùsùlùmí sọ fún mi rí pé ìgbà tí òun bá fi orí kanlẹ̀ nìkan ni òun kì í ronú owó ilé, mo sì gbà á gbọ́. Ohun tí èyí ń ṣe ni pé ó ń gba ẹrù náà sọ̀ kalẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ẹrù náà lè ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí o bá dìde, àmọ́ apá rẹ á ti nà díẹ̀.

Àwọn baba àti ìyá wa mọ èyí. Lọ́dún 1918, nígbà tí àìsàn lùkúlùkú ń pa ènìyàn káàkiri, àwọn díẹ̀ nínú ìjọ Áńgẹ́líkà St. Saviour's ní Ìjẹ̀bú-Òde bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé láti gbàdúrà. Joseph Ṣádárè wà lára aṣíwájú wọn, Sophia Ọdúnlámì, ọ̀dọ́bìnrin tó jẹ́ olùkọ́, sì darapọ̀ mọ́ wọn. Ara ibi tí ìjọ CAC ti hù wá nìyẹn. Gẹ́gẹ́ bíi nọ́ọ̀sì, n kò fara mọ́ bí wọ́n ṣe kọ oògùn sílẹ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí o kíyè sí bí ẹgbẹ́ wọn ṣe kéré tó: ìwọ̀nba ènìyàn tó mọra wọn lórúkọ, tí wọ́n mọ ẹni tó ń ṣàìsàn nílé ẹnì kejì. Ìwọ wà nínú ẹgbẹ́ méjì, síbẹ̀ ẹni tó dúró tì ọ́ nígbà tí o ń sunkún kò mọ̀ pé ọjà rẹ ti wọlẹ̀. Ṣáájú àwọn ará Ìjẹ̀bú-Òde yẹn, ní oṣù Kìíní ọdún 1844, Samuel Àjàyí Crowther, tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣogùn lọ́dún 1821, darí ìsìn ní èdè Yorùbá ní Freetown, ní Sierra Leone, láàárín àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú. Àwọn tó ti pàdánù ilé àti ẹbí ń gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ní èdè tí ìyá wọn fi tọ́ wọn. Bí ìjọ rẹ bá ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe gbogbo ìsìn, nígbà tí o bá dá wà, fi èdè tí o fi ń sunkún gbàdúrà.

Ó kù kí o pinnu ohun tí o máa ṣe. O lè máa bá gbogbo rẹ̀ lọ bó ṣe wà. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni kò ní sọ̀rọ̀ sí ọ, ṣùgbọ́n mo rò pé ara rẹ máa dá ọ dúró kó tó pẹ́. O lè dá ilé ìsìn dúró pátápátá. Mo mọ àwọn tó ṣe bẹ́ẹ̀ tí ara wọn balẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, tí ìdánìkanwà wá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ wọ́n run lẹ́yìn rẹ̀, nítorí pé ilé tí wọ́n jókòó sí náà ni ìṣòro wà. Ohun tí èmi máa gbà ọ́ níyànjú ni kí o di ìsìn ọjọ́ Ìsinmi mú, kí o sì gba ìsinmi oṣù mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́ ẹgbẹ́ méjèèjì. Lọ bá ọ̀gá akọrin fúnra rẹ kí àhesọ tó ṣáájú rẹ, sọ pé ara rẹ kò yá, pé o fẹ́ wá jókòó láàárín ìjọ fún ìgbà díẹ̀. Òótọ́ ni. Àwọn kan á ní o ti tutù. Èyí máa dùn ọ́, n kò ní tàn ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí o bá jókòó níbẹ̀ láìní ohunkóhun láti ṣe, ìgbà àkọ́kọ́ lè nìyẹn lẹ́yìn ọjọ́ pípẹ́ tí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń wàásù máa wọ̀ ọ́ létí.

Mo bẹ̀ ọ́, má gbé owó ilé-ìwé ọmọ tàbí owó èlé lọ fún wòlíì kankan tó ní kí o fi gbin irúgbìn kí ọ̀nà lè là. Nínú Máàkù 7, Jésù bá àwọn kan wí nítorí pé wọ́n ń fi ohun tó yẹ kí wọ́n fi tọ́jú òbí ṣe ọrẹ fún Ọlọ́run. Ẹ̀wẹ̀, má dákẹ́ lórí àìní rẹ. Sọ fún pásítọ̀ tàbí ẹgbẹ́ tó ń rí sí ìrànlọ́wọ́ nínú ìjọ pé ọjà ti wọlẹ̀. Lọ bá àwọn tó yá ọ lówó, bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dín iye tí o ń san lọ́sẹ̀ kù, kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún wọn. Ìjọsìn kò ní san gbèsè yẹn. Ó lè fún ọ ní ojú tí o fi máa lọ bá wọn.

Bákan náà ni ìjọsìn kò rọ́pò dókítà. Bó bá ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí inú rẹ kì í dùn sí ohunkóhun lójoojúmọ́, tí oorun tàbí oúnjẹ ń kọ̀ ọ́, tí o ń rí ara rẹ bí ẹni tí kò wúlò, àìsàn ni ó ṣeé ṣe kó jẹ́, ó sì ní ìtọ́jú. Bó bá ti wá sí ọ lọ́kàn rí pé ó sàn kí o kú, má dúró kó pé ọ̀sẹ̀ kankan: sọ fún ẹnì kan lónìí, kí ó sì tẹ̀ lé ọ lọ sí ilé ìwòsàn. Ìbàdàn ni o wà, UCH kò jìnnà sí ọ, wọ́n sì ní àwọn dókítà tó ń tọ́jú ọkàn. Ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rù orúkọ Aró l'Ábẹ́òkúta torí wọ́n rò pé ẹni tó ń rìn níhòòhò lójú títì nìkan ni wọ́n ń gbà. Àmọ́ láti 1954 ni Thomas Adéoyè Lambo ti ṣètò níbẹ̀ pé kí àwọn aláìsàn máa gbé ní abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, kí ìbátan wọn wà pẹ̀lú wọn, kí wọ́n sì máa wá gba ìtọ́jú. Ohun tí mo sọ yìí kan ọkọ rẹ náà. Ọkùnrin tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò fẹ́ sọ̀rọ̀ mọ́, lè ti wà nínú òkùnkùn tó ju tìrẹ lọ.

Nílé, ẹ má ṣe é pọ̀. Lálẹ́, kí àwọn ọmọ tó sùn, kí ẹnì kan ka Sáàmù kan, kí ẹ kọ orin kan tí gbogbo yín mọ̀, kí olúkúlùkù sọ ohun kan tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún Ọlọ́run, kó sì parí. Bí ọkọ rẹ kò bá fẹ́ sọ ohunkóhun, jẹ́ kó jókòó. Má fi àdúrà bá a wí, má máa sọ fún Ọlọ́run létí rẹ̀ pé kí ó sọ ọ́ di ọkùnrin gidi. Mo ti rí i tí irú àdúrà bẹ́ẹ̀ lé ọkùnrin kúrò nínú ilé.

Ní ti ìṣọ́ òru, fi sílẹ̀ ná. Nígbà tí oorun rẹ bá ti padà bọ̀ sípò, o lè máa lọ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, bí o bá ti rí ẹni tó máa bá ọ ṣí ìsọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Má sì gba ààwẹ̀ mìíràn kí a tó mọ ohun tó ń fọ́ ọ lórí. Lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́sẹ̀ yìí ní ilé ìwòsàn ìjọba tó bá sún mọ́ ọ. Bí nọ́ńbà òkè bá ti dé 140 tàbí ti ìsàlẹ̀ bá ti dé 90, ní kí wọ́n tún un wọ̀n lọ́jọ́ mìíràn, kí o sì rí dókítà. Kọ̀wé sí mi padà, kí o sọ iye tí wọ́n bá a.